Àárò Ilé, Ilé Àjọni: Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Ẹgbẹ́ WASU, 1922–1945

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin 1922 sí 1945 gbà kojú àárò ilé. Ó ṣàlàyé pé wọn kò fi àárò sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti máa fara dà nínú yàrá rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ẹgbẹ́. Oúnjẹ, èdè, orúkọ oyè àti ilé tí wọ́n jọ ń gbé ni wọ́n fi kojú rẹ̀. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ìjà tó wáyé láàrin ẹgbẹ́ WASU àti ìjọba amúnisìn lórí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ìjà lórí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti tu ọmọ àjò nínú. Ó sì fi hàn pé ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí dá sílẹ̀ ní òkèèrè gbòòrò ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí gbà pé àjò lè dùn. Ohun tó kọ̀ ni pé kí adùn náà di ìdí àìpadà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn: kí ni kí onílé ṣe nígbà tí àjò kò dùn, tí ọjọ́ àtirelé kò sì tíì pé? Inú ipò yìí gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó máa ń wà. Kì í ṣe ẹrú tí wọ́n jí gbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìsáǹsá tí ogun lé kúrò nílé. Ẹbí ló rán an, ìrètí ẹbí ló sì gbé lọ. Bí ó bá padà láìgba ìwé ẹ̀rí, ìtìjú ni. Bí ó bá dúró, àárò kò ní jẹ́ kó sùn.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń sọ nípa ìṣòro yìí. “Àárò ilé ń sọ mí” ni à ń wí. Nínú gbólóhùn náà, àárò ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Ìhun kan náà ló wà nínú “ebi ń pa mí,” “òùngbẹ ń gbẹ mí” àti “òtútù ń mú mí.” Ohun tí ń ṣe ni ni gbogbo wọn, kì í ṣe ohun tí ẹni náà ń ṣe. Gbogbo wọn ló sì ní nǹkan gidi tí a fi ń wò wọ́n: oúnjẹ fún ebi, omi fún òùngbẹ, aṣọ tàbí iná fún òtútù. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó kàn mọ́kàn le. Ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú iṣẹ́ yìí gbà kojú àárò bá ìmọ̀ tó wà nínú èdè wọn mu. Wọn kò fi gbígba ara ẹni níyànjú nìkan wò ó. Ohun tí ọwọ́ lè bà ni wọ́n wá fún un.

Àwọn Tó Ṣáájú

Àárò akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Ní 1826 ni wọ́n kọ́kọ́ mú Àjàyí Crowther lọ sí Islington ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti lo oṣù díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Ó padà síbẹ̀ ní 1842, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní 1843. Ọdún 1843 yìí kan náà ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde. Ilé tí àárò rẹ̀ lè máa sọ Crowther ti pa rẹ́ kí ó tó mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ogun ti tú Òṣogùn ká ní 1821. Àkójọ ọ̀rọ̀ ìlú tí a ti tú ká jẹ́ ọ̀nà kan láti máa gbé inú rẹ̀.

Lẹ́yìn Crowther ni àwọn agbẹjọ́rò àti oníṣègùn dé. Wọ́n gba Christopher Sapara Williams sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1879, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń bọ̀. Ìjọ Ọlọ́run tàbí ẹbí ló ń dúró fún wọn. Kò sí ẹgbẹ́ tí wọ́n lè pè ní tiwọn.

Ọmọbìnrin kan láti Abẹ́òkúta fi hàn bí irú àjò àdánìkanrìn bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí. Láti 1919 sí 1922 ni Frances Abigail Ọlúfúnmiláyọ̀ Thomas fi kàwé ní Wincham Hall ní Cheshire, ìgbèríko tí ènìyàn dúdú ti ṣọ̀wọ́n. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn ló pa orúkọ Frances àti Abigail tì, tó sì di Fúnmiláyọ̀ mú. Orúkọ yìí ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lẹ́yìn náà, nígbà tó di Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Ẹni tí kò rí ẹgbẹ́ tí yóò bá ṣe ṣì lè fi orúkọ rẹ̀ dúró.

Lọ́ńdọ̀nù Tí Ṣólàńkẹ́ Bá

Ní 1922 tí Fúnmiláyọ̀ padà sílé ni ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Kì í ṣe ọmọdé. Ó ti gboyè ní Fourah Bay College ní Freetown, ó sì ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Síbẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Owó kò tó o ná, ó sì jẹ gbèsè. Ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Èkó lọ sí Liverpool ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà kò sì lè yára ju ọkọ̀ tó gbé e lọ. Ẹni tó bá kọ̀wé sílé pé owó ti tán yóò dúró ju oṣù kan lọ kó tó rí èsì. Láàrin oṣù yẹn, onílé kò ní dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ onílé tilẹ̀ le ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù ni kì í fún ènìyàn dúdú ní yàrá, kò sì sí òfin tó dí wọn lọ́wọ́. Ó di 1968 kí òfin Brítéènì tó ka ẹ̀tanú àwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé léèwọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ láti òpópónà kan dé èkejì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un pé òun kò sí nílé.

Àwọn tó ń kọ́ òfin tún rí ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́. Kí wọ́n tó lè gba ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ó gbọ́dọ̀ jẹ iye oúnjẹ alẹ́ kan ní gbọ̀ngàn Inn rẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò nìkan kò tó. Àjọjẹ pọn dandan. Àwọn agbẹjọ́rò Gẹ̀ẹ́sì gbà pé jíjẹun pọ̀ ló ń sọ àjèjì di ọmọ ẹgbẹ́. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tó mọ̀ pé ẹni tí a kò bá jẹun kì í ṣe ẹni tí a lè fọkàn tán. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọbẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń jẹ lábẹ́ àwòrán àwọn baba ńlá ẹlòmíràn.

Ní 1924 ni nǹkan dé ojú rẹ̀. Ní ọdún náà ni wọ́n ṣí Àfihàn Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, níbi tí wọ́n ti kọ́ àfarawé ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún àwọn òǹwòran. Ìwé ìròyìn Evening News kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi jíjẹ ènìyàn àti iṣẹ́ àjẹ́ ba Nàìjíríà lórúkọ jẹ́. Ṣólàńkẹ́ kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa láti ta kò ó. Lẹ́tà yìí ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù mọ̀. Ó yẹ kí a kíyè sí irú àárò tó wà nídìí rẹ̀. Jíjìnnà sí ilé jẹ́ ìyà kan. Kí a jìnnà sí ilé, kí á sì máa gbọ́ kí àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí máa bú u, ìyà mìíràn ni. Ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta lè má gbọ́ èébú náà. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè ṣàìgbọ́.

Èdè, Orúkọ àti Oyè

Ohun àkọ́kọ́ tí Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú lò ni èdè. Ní 1924 yìí kan náà ló sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kà á sí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà kò tíì sí rédíò ní Nàìjíríà, nítorí náà àwọn ará ilé kò lè gbọ́ ọ. Ìlú tí kò gbọ́ Yorùbá ló fi Yorùbá bá sọ̀rọ̀. Ní 1926 ó kọ orin Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún iléeṣẹ́ Zonophone, bí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ṣe ṣáájú rẹ̀ ní 1922. Rédíò kò lè dé Èkó, ṣùgbọ́n àwo lè wọ ọkọ̀, kí ó sì dé ibẹ̀.

Oyè ni ohun kejì. Ní oṣù Agẹmọ 1924, Ṣólàńkẹ́ àti Amy Ashwood Garvey, obìnrin ọmọ Jàmáíkà, dá Nigerian Progress Union sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀. Wọ́n fi Amy Ashwood Garvey joyè Ìyálóde. Oyè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré fún ọmọ Abẹ́òkúta: Ẹfúnróyè Tinúbú ni Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, agbára ìlú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n pe Paul Robeson, olórin àti òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà, ní Bàbásàlẹ̀ ẹgbẹ́ WASU. Ẹrú tó sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ni baba tó bí Robeson. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ló fún àwọn tí wọ́n ti já àwọn baba ńlá wọn gbà kúrò nílé ní ipò nínú ilé. Ìlú kì í jẹ́ ìlú láìsí ìjòyè. Bí àwọn àlejò bá ti ní ìjòyè, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ìlú.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Ògún 1925 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 21 dá West African Students' Union sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone. J. B. Danquah láti Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, wà lára àwọn tó jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ náà ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé. Lẹ́tà mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà di WASU, wọ́n sì sọ ìwé ìròyìn wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1926, ní Wãsù. Etí Yorùbá gbọ́ “wàásù” nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò tó ti di onílé: láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, ó gba ọ̀dọ̀ Hausa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì Yorùbá sì jọ ń lò ó. Orúkọ tó yẹ ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò ni.

Ilé ní Camden Road

Ṣùgbọ́n èdè àti oyè kò ní òrùlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ilé ìgbé ti wà lára àwọn ète WASU. Ní 1928 Marcus Garvey ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí ilé kan lò ní West Kensington fún ìgbà díẹ̀. Àsìkò ilé náà pé, wọ́n sì tún di aláìnílé. Ní 1929 Ṣólàńkẹ́ wọ ọkọ̀ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó ilé. Ọdún mẹ́ta ló lò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bá ọba, oníṣòwò àti ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀, ó sì ń dá ẹ̀ka WASU sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí: akẹ́kọ̀ọ́ tí àárò ilé ń sọ padà wálé, kì í ṣe láti dúró, bí kò ṣe láti wá owó tí yóò fi kọ́ ilé sí ibi tí àárò ti ń sọ ọ́.

Ní 1933 ilẹ̀kùn ilé náà ṣí ní nọ́ńbà 62, Camden Road, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, tó bá a ti Nàìjíríà lọ, ni ìyá ilé. Yàrá wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Ibi ìpàdé wà, ìwé ìròyìn láti ilé wà, oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lórí tábìlì. Àlejò tí ọkọ̀ gbé dé Liverpool tí kò mọ ẹnì kankan ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní àdírẹ́sì kan tó lè béèrè.

Ìtàn WASU tí a sábà máa ń kà jẹ́ ìtàn àwọn ọkùnrin tó kọ ìwé ẹ̀hónú, tó sì di olóṣèlú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà pé àárò jọ ebi, a óò gbà pé ọwọ́ ìdáná ni ọwọ́ tó kọ́kọ́ wò ó. Iṣẹ́ Ọpẹ́olú Ṣólàńkẹ́ ló sọ ilé ìyágbé di ilé. Òpìtàn kì í sábà ka ọwọ́ tó ro ọbẹ̀ mọ́ ọwọ́ tó kọ lẹ́tà sí ìjọba, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí tábìlì kan náà ni méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Àlejò ni òun náà ní ìlú yẹn. Lọ́ńdọ̀nù náà ló ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ta Ló Ni Ìtùnú?

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ti rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ń dá nìkan wà. Àwọn òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́ Ìjọba Amúnisìn ní Lọ́ńdọ̀nù ń bẹ̀rù pé ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́, yóò tẹ̀lé àwọn Kọ́múníìsì tàbí kí ó padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Ní 1934 wọ́n ṣètìlẹ́yìn fún ilé mìíràn, Aggrey House, ní Doughty Street. Wọ́n fi orúkọ James Kwegyir Aggrey, olùkọ́ ọmọ Gold Coast tó kú ní 1927, sọ ọ́. Ní ti ohun tó wà nínú ilé, ìyàtọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí: ibi ìjókòó, ìwé kíkà, ọ̀rẹ́.

WASU kọ̀ ọ́. Wọ́n ké sí akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n má ṣe wọ ibẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé pélébé kan jáde tó pe Aggrey House ní ètò ìjọba láti máa ṣàkóso akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Áfíríkà. Ojú ẹni tí kò mọ̀dí lè rí èyí bí agídí: ẹni tí òtútù ń mú ló ń kọ aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn WASU yé ni. Ilé tí ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tó sì ń ka ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, kì í ṣe ilé. Bí ìjọba tó sọ Nàìjíríà di abẹ́ àkóso rẹ̀ bá tún di ẹni tó ń nu omijé ọmọ Nàìjíríà nù ní Lọ́ńdọ̀nù, àárò náà fúnra rẹ̀ ti di ohun ìní ìjọba. WASU fẹ́ kí ó jẹ́ tiwọn.

Òdodo kò jẹ́ kí á parí ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Owó WASU kò tó nígbà kankan. Kí ọdún 1940 tó dé, ẹgbẹ́ náà ti ń gba ìrànwọ́ owó lọ́wọ́ ìjọba kan náà, nígbà tí Aggrey House ti Doughty Street di títì ní 1940. Ní 1938 ni WASU kó lọ sí ilé tó gbòòrò ní nọ́ńbà 1, South Villas, Camden Square. Gbígba owó yìí bí àwọn kan nínú. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà láàrin kí ìjọba ran ilé ẹni lọ́wọ́ àti kí ìjọba kọ́ ilé fún ni. Ní Camden Square, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ WASU.

Ilé Tó Fẹ̀, Ilé Tó Há

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ṣólàńkẹ́ nígbà tó kúrò ní Abẹ́òkúta. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó jókòó tì í nídìí oúnjẹ lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkó, Ìgbò, Fante tàbí Krio. Onílé tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kò bi wọ́n ní ìlú wọn. Èyí ló fà á tí ilé tí wọ́n ń rántí fi ń gbòòrò sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí ó fi kan gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwé tí Ṣólàńkẹ́ kọ ní 1927, United West Africa at the Bar of the Family of Nations, jẹ́ ẹ̀rí: orílẹ̀-èdè tí ìwé náà ń gbèjà rẹ̀ kò tíì sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń tu ẹnì kan nínú lè jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ pé àlejò ni òun. Orúkọ Yorùbá lórí ìwé ìròyìn, oyè Yorùbá lórí bàbá ẹgbẹ́, akọ̀wé Yorùbá, ìyá ilé Yorùbá: ní àárín àwọn ọdún 1930, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Gold Coast ráhùn pé ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ti wúwo jù nínú ẹgbẹ́, wọ́n sì ń ṣe ẹgbẹ́ ìlú tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ̀dùn wọn kò ṣàìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìtùnú àjọni kò rọrùn láti pín dọ́gba.

Ogun Àgbáyé Kejì mú ìran mìíràn dé. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láti kọ́ òfin. Kwame Nkrumah dé ní 1945, ó sì di igbákejì ààrẹ WASU. Ní 1945 yìí ni Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó di 1948 kí wọ́n tó ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀, láti inú rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti jáde ní 1951. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Yorùbá dúró lórí ètò ọjọ́ wọ̀nyí: Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú Ilé-Ifẹ̀. Ẹgbẹ́ tó pe Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì ní ọmọ baba kan náà kọ́kọ́ péjọ ní ìlú tí gbogbo wọn ti jẹ́ àlejò. Ìdí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ìṣèlú ilé sì kó ipa ńlá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó rí gbogbo Yorùbá bí agbo ilé kan jẹ́ ojú tó ń wò ó láti òkèèrè.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí kọ́ wa pé àárò ilé kì í ṣe àìlera ọkàn lásán nínú ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ òkè-òkun. Ó jẹ́ ohun tó ń ti ènìyàn ṣiṣẹ́. Láti inú rẹ̀ ni lẹ́tà 1924 ti jáde, àti ẹgbẹ́ 1925, àti ilé 1933. Àwọn tó kojú rẹ̀ kò dúró kí ó lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n wá nǹkan jẹ, wọ́n wá ẹni bá sọ̀rọ̀, wọ́n wá ibi sùn, wọ́n sì rí i pé kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gba àlejò tuntun lónìí, yálà ní Leeds tàbí ní Houston, ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bí kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Iye tí iṣẹ́ náà ná àwọn tó ṣe é kò kéré. Yàtọ̀ sí àwọn ìrìn-àjò rẹ̀ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Lọ́ńdọ̀nù ni Ṣólàńkẹ́ gbé láti 1922 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1958. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀ padà sílé, wọ́n di agbẹjọ́rò, oníṣègùn àti olórí ìjọba. Ọdún méjì péré ló kù kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà tí ó kú sí ìlú tó bá lọ kàwé.